Mbárí Mbáyọ̀: Ìpàtẹ Ọnà Àwọn Ọ̀dọ́ ní Òṣogbo

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó ń múra ìdánwò àṣekágbá tí kò mọ orúkọ Dúró Ládiípọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a rí èyí tí kò gbọ́ nípa eré Ọba Kò So rí. Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò mọ̀ ni ilé tí eré náà ti jáde. Lábẹ́ òrùlé ilé kan náà ni a ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn tẹ́lẹ̀, tí orúkọ wọn sì wá kàn ká ayé láàárín ọdún díẹ̀. Bí a bá yọ ìtàn ìpàtẹ yìí kúrò nínú ìtàn eré Dúró, apá kan ni a ń kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí pé àwọn tí ó ń jó lórí ìtàgé lálẹ́ ni ó ń fín àwòrán lọ́sàn-án. Ìpàtẹ náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: bí ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó gbé jáde, àti àríyànjiyàn tí ó dá sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé olùkọ́ èdè ni àwa. Mbárí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá rárá. Ilé Mbárí ni ilé tí àwọn Ìgbò agbègbè Òwèrè máa ń kọ́ fún Àlà, òrìṣà ilẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ère kún inú rẹ̀: ère òrìṣà, ère ẹranko, ère ènìyàn, títí kan ère òyìnbó pàápàá. Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀ tí wọ́n sì ti ṣí i, wọn kì í tún un ṣe mọ́. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kí òjò wó o, nítorí pé iṣẹ́ ṣíṣe náà gan-an ni ìsìn, kì í ṣe ilé. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan, tí Wole Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Ezekiel Mphahlele àti Ulli Beier wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1961, Chinua Achebe ni ó dábàá pé kí wọ́n pe ilé ẹgbẹ́ náà ní Mbárí. Ọdún kejì ni orúkọ náà dé Òṣogbo.

Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò. Ohun tí etí wọn gbọ́ ni èdè tiwọn: mbá rí, mbá yọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé, ‘ì bá ṣe pé mo rí i, inú mi ì bá dùn.’ Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ ẹnì kìíní ẹyọ ni ó di ‘m’ níbẹ̀, nítorí pé kọ́ńsónáǹtì ‘b’, tí a ń fi ètè méjèèjì pè, ni ó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìwé àtijọ́ ti ń kọ ‘mbọ̀’ kí a tó gbà pé kí a máa kọ ‘ń bọ̀’. Kì í ṣe pé wọ́n ṣi orúkọ náà pè. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tuntun ni, orúkọ náà sì bá iṣẹ́ ilé náà mu ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ilé ìwòran ni. Lójú tèmi, ọjọ́ tí àwọn ará ọjà sọ orúkọ náà di Yorùbá ni ilé náà di tiwọn.

A kò gbọdọ̀ rò pé kò sí ìpàtẹ ọnà kankan nílẹ̀ wa ṣáájú àkókò yìí. Àìná Ọnàbólú ti ń ya àwòrán ènìyàn ní Èkó kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, nígbà tí ó sì padà dé ní 1922, òun ni ó jà fitafita kí a máa kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ìwé. Ìjà náà ni ó mú kí ìjọba gba Kenneth Murray wá ní 1927. Ní ọdún 1937, Murray pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí Ben Enwonwu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ó pàtẹ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Sáríà, àwọn Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àti Bruce Onobrakpeya, da ẹgbẹ́ tiwọn ní 1958, tí wọ́n sì ń sọ pé kí ayàwòrán mú èyí tí ó dára nínú ti òyìnbó, kí ó fi kún ti ìbílẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn wà nínú ìpàtẹ òmìnira ní Èkó ní 1960. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn tí ó máa ń wo iṣẹ́ wọn náà, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Mbárí ti Ìbàdàn, tí ó wà nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ibẹ̀ ni a ti rí iṣẹ́ Malangatana ará Mòsáńbíìkì, ti Ibrahim el-Salahi ará Sùdáànù, àti ti Jacob Lawrence, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn ará yunifásítì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wọ ibẹ̀. Ti Òṣogbo ni ó yàtọ̀.

Ìjà ṣọ́ọ̀ṣì ni ó dá a sílẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ọmọ oníwàásù ni Dúró Ládiípọ̀, olùkọ́ ilé-ìwé sì ni. Ní Àjíǹde ọdún 1961, ó kọ orin fún ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù dùndún wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ faraya. Wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà ni, kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Ulli Beier, tí ó ń gbé Òṣogbo nígbà náà tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní yunifásítì Ìbàdàn, gbọ́ orin náà, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti gbé e kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1962, ilé ọtí tí Dúró ní ní Òṣogbo di Mbárí Mbáyọ̀. Eré Ọba Mọ́rò ni wọ́n fi ṣí i. Ẹ̀yin òǹkàwé lè rẹ́rìn-ín pé ilé ọtí ni ó di ilé ọnà, ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn pàápàá, ilé oúnjẹ ni tẹ́lẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti ń pé jọ ni ọnà ti ń rí àwọn olùwòran.

Ta ni yóò wá kún ilé náà? Ìbéèrè yìí gbé wa padà sí ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹgbàágbèje ọmọ ni ó wọlé. Nígbà tí yóò fi di 1961 àti 1962, àwọn tí ó ti parí ti ń rìn kiri ìgboro. Wọ́n ti mọ̀wé kọjá ẹni tí yóò padà sí oko bàbá rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú, ìwé wọn kò sì tó ohun tí a fi ń ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Òṣogbo kún fún irú wọn, nítorí pé ìlú ọjà ni, rélùwéè sì ti dé ibẹ̀ láti 1907. Àwọn ni Dúró kó jọ sínú ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Oníṣẹ́ iná mànàmáná wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ ilé epo wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni onílù àti oníjó.

Àwọn àgbà inú ìlú tilẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ilé náà tó ṣí. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olóríṣà, ti dé ilẹ̀ Yorùbá láti 1950, ó ti di aláwo òrìṣà, ó sì ti ń ya àrà sórí aṣọ lọ́nà àdìrẹ. Àṣírù Ọlátúndé, tí a bí ní 1918, jẹ́ alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ. Àìsàn ni kò jẹ́ kí ó lè máa lu irin mọ́, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí fi bàbà rọ yẹtí wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ fún àwọn obìnrin. Wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà á níyànjú pé kí ó lu bàbà tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti orí bàbà ni ó ti bọ́ sórí páànù alumíníọ̀mù. Igi ńlá tí ẹranko inú igbó pé jọ sí abẹ́ rẹ̀, ọba tí ó jáde lọ́jọ́ ọdún, ìtàn inú Bíbélì: gbogbo rẹ̀ ni ó ń fi òòlù àti ìṣó lù jáde, tí ìrísí wọn sì ń tàn bí omi. Àpẹẹrẹ Àṣírù yìí ni mo fẹ́ràn láti máa fi hàn àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n bá sọ pé ‘òyìnbó ni ó kọ́ wọn’. Ta ni yóò kọ́ alágbẹ̀dẹ bí a ti ń lu irin?

Ti àwọn ọ̀dọ́ ni ó yàtọ̀. Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, ni ó kọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní Mbárí Mbáyọ̀, ní 1962 àti 1963. Nínú ti Williams ni Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé ti yọrí, òṣèré Dúró sì ni àwọn méjèèjì. Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí ó ti wá sí Òṣogbo láti Sáríà ní 1963, ṣe tirẹ̀. Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ó kó ọ̀dà, pákó pẹlẹbẹ àti ohun èlò fínfín sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́. Kò kọ́ wọn bí a ti ń wọn ènìyàn ní ìwọ̀n, kò sì fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni hàn wọ́n pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń wo iṣẹ́ olúkúlùkù títí yóò fi rí ibi tí ọ̀nà ẹni náà wà, yóò sì dúró tì í níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ márùn-ún pé, àwọn tí ó ti rí ọ̀nà ara wọn kò lọ mọ́. Wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ fún oṣù àti ọdún. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé kan máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ márùn-ún ni a fi sọ ènìyàn di ayàwòrán.

Ṣé irú ènìyàn wo ni àwọn wọ̀nyí? Ẹ wo Twins Seven-Seven. Ọmọ Ògìdì ni, Táíwò Ọlánìyí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ìbejì ọ̀nà méje ni ìyá òun bí tẹ̀ léra, òun nìkan ni ó sì yè. Oníjó ni, ó ń bá olóògùn akiri kan káàkiri láti máa fi ijó pe èrò jọ, bẹ́ẹ̀ ni ó fi rìn wọ Òṣogbo ní 1964. Nígbà tí wọ́n fi gègé lé e lọ́wọ́, ìwin àti iwin inú igbó ni ó ń jáde lára bébà: ẹ̀dá olórí púpọ̀, ẹranko tí ẹranko mìíràn wà nínú ikùn rẹ̀, kò sì sí ibi kan tí ó ṣófo tí kò fi ilà wẹ́wẹ́ kún. Ẹni tí ó bá ti ka D. O. Fágúnwà mọ irú igbó tí ó ń yà. Jímọ̀ Buráímọ̀ ní tirẹ̀ ni ó ń tọ́jú iná orí ìtàgé fún Dúró. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ó mú, irú èyí tí a fi ń ṣe adé àwọn ọba, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó títí yóò fi di ojú ènìyàn. Ní ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í ṣe ohunkóhun tí kò bá jẹ mọ́ ọba tàbí òrìṣà ni a ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀. Láti gbé e kúrò lórí ọba lọ sára ògiri, ìgboyà ńlá ni. Muráínà Oyèlámì, ọmọ Ìrágbìjí, jẹ́ onílù. Òrùlé ilé àti ojú ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ń yà, ọ̀dà rẹ̀ kì í pariwo. Adébísí Fábùnmi fín àwòrán ìlú, ó sì tún wá fi òwú aláràbarà ṣe tirẹ̀. Bí a bá to iṣẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, kò sí ẹni tí yóò pe ti ọ̀kan ní ti èkejì. Bí Georgina bá jẹ́ olùkọ́ tí ń tẹ àwòṣe mọ́ ọmọ lórí, ìyàtọ̀ yìí kì bá tí sí.

Bí ìpàtẹ náà ti máa ń rí nìyí. Ilẹ̀kùn Mbárí Mbáyọ̀ ṣí sójú títì, ẹnikẹ́ni sì lè yà wọlé. Ìyálọ́jà tí ó ń tọjà bọ̀ lè gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó wo àwòrán. Ọmọ iléèwé lè dúró kí ó bú sẹ́rìn-ín. Tí alẹ́ bá lẹ́, wọ́n á ṣeré níbẹ̀. Ọdún dé, ọdún tuntun, wọ́n á tún ṣe àjọ̀dún ilé náà pẹ̀lú eré tuntun: Ọba Kò So ti 1963 wá láti inú irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, Ọba Wàjà sì tẹ̀ lé e. Àtẹ̀léra yìí ni ó mú kí ìpàtẹ náà so èso. Ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára tó ní ìgbà yìí mọ̀ pé ìgbà mìíràn ń bọ̀, àwọn ará ìlú tí ó fi í ṣẹ̀sín yóò sì tún rí i. Ní 1964, ẹgbẹ́ Dúró gbé Ọba Kò So lọ sí àjọ̀dún eré ní Berlin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo ní ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú.

Àríyànjiyàn dé. Àwọn tí ó kàwé jáde ní Sáríà àti níbòmíràn ń bínú pé àwọn lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu ẹ̀kọ́, àwọn oníwèé mẹ́fà sì lo ọjọ́ márùn-ún, òyìnbó wá ń sáré ra ti ìkejì. Wọ́n ní ohun tí òyìnbó fẹ́ rí ní Áfíríkà ni a ń yà fún un, ìwin àti òrìṣà. Ẹ̀sùn náà kò ṣofo. Òtítọ́ ni pé òyìnbó ni ó ra èyí tí ó pọ̀ jù, ará Òṣogbo sì ń wò ó lásán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé kí ni Yorùbá ti ń fi owó ra nínú iṣẹ́ ọnà láti àtètèkọ́ṣe. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ère ìbejì, ìyá ìbejì ni ó bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ọpọ́n Ifá, babaláwo ni yóò lò ó. Adé wà fún ọba, ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ wà fún ààfin. Àwòrán tí a fi kọ́ sára ògiri kí a kàn máa wò ó, àlejò ni nílé wa. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tí àṣà ìkọ́wòrán ti mọ́ lára ni ó kọ́kọ́ rà á. Níbi tí ọnà Òṣogbo ti rí iṣẹ́ ṣe, ará ilé gbà á: Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tí ó kọ́kọ́ ń fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko, ṣe ògiri oníhò aláwòrán fún ilé epo kan ní Òṣogbo, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá Àdùnní Olóríṣà mọ ògiri àti ère Igbó Ọ̀ṣun tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá ń wọ́ lọ lọ́dọọdún.

Ẹ̀sùn kejì ni ó dùn mí jù, ìyẹn ni pé ‘kò sẹ́ni tí ó kọ́ wọn’, èyí tí àwọn olùfẹ́ wọn gan-an ń sọ gẹ́gẹ́ bí ìyìn. Ìyìn burúkú ni. Ó ń sọ wọ́n di ẹni tí ó hù bí olú láìní irúgbìn. Ẹgbẹ́ òṣèré Dúró ni ilé-ìwé wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ oríkì Ṣàngó lẹ́nu àwọn tí ó ni ín, tí wọ́n ti mọ àwọ̀ aṣọ tí ó yẹ òrìṣà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti kọ́ bí ènìyàn ti ń dúró kí ojú àwọn òǹwòran má baà kúrò lára rẹ̀. Georgina ṣílẹ̀kùn, ohun tí ó bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà ti wà níbẹ̀.

Rògbòdìyàn ìṣèlú ni ó fọ́n ilé náà ká. Wàhálà ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 di ìjà wẹ́tíẹ̀ ní 1965. Àwọn ológun gba ìjọba ní 1966. Ogun abẹ́lé bẹ́ ní 1967. Nígbà náà, Ulli àti Georgina Beier ti kúrò nílùú, wọ́n ti wà ní Papua New Guinea. Iṣẹ́ kò dúró, ṣùgbọ́n ìdíyelé dúró. Nígbà tí ọjà àwọn arìnrìn-àjò gbóná, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àdàkọ ìwin Twins àti ìlẹ̀kẹ̀ Buráímọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún wọn pé èyí kì í ṣe ọ̀nà tìrẹ. Àdánù yìí tóbi ju ti ilé lọ.

Ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò kéré. Ní 1968, àwọn ará yunifásítì Ifẹ̀ dá ilé Orí Olókun sílẹ̀, wọ́n sì mú eré àti ọnà pọ̀ níbẹ̀ bí ti Òṣogbo. Muráínà Oyèlámì kọ́ni ní yunifásítì náà, ó sì di Ẹ̀sà ìlú Ìrágbìjí. Dúró Ládiípọ̀ kú ní 1978, Àṣírù Ọlátúndé ní 1993, Rufus Ògúndélé ní 1996. Ní 1989, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé Ifẹ̀, tí Moyọ̀ Òkédìjí àti Kúnlé Fìlàní wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Èdè tí Òṣogbo sọ láìkàwé ni wọ́n ń wá bí wọn yóò ti sọ tìwé-tìwé. Ọdún 2005 ni àjọ UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé, ọdún kan náà ni wọ́n fi Twins Seven-Seven jẹ ayàwòrán fún àlàáfíà. Susanne Wenger lọ ní 2009, Twins àti Ulli Beier ní 2011, Georgina ní 2021. Níkẹ Òkúndayé, tí ó gbé nílé Twins rí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí ó sì mọ àdìrẹ dunjú, ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sí Òṣogbo láti 1983, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ti ń kọ́ aró rírẹ àti iṣẹ́ ọnà mìíràn.